Kí Òòlù Tó Dún: Ibi Tí Ohùn Ará Ìlú Wà Nínú Ṣíṣe Òfin

   

Ọ̀rọ̀ òfin la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe òfin tó ti wà nílẹ̀ tí wọ́n fi ń mú èèyàn o. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe òfin l'Ábùjá ni, láti ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé e wá títí dọjọ́ tí Ààrẹ yóò buwọ́ lù ú. Mo fẹ́ kí a jọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú òfin méjì yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àbádòfin kan dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin pé kí Nàìjíríà pa orin orílẹ̀-èdè tó ti ń kọ láti ọdún 1978 tì, kó padà sí èyí tí a gba òmìnira pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dún 1960. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kíní, tí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó di ọjọ́ 28, àwọn sẹ́nétọ̀ náà ti gbà á wọlé. Lọ́jọ́ 29, ó ti di òfin. Orin àtijọ́ yẹn sì ni wọ́n kọ nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú lọ bá àwọn aṣòfin lálejò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Òfin kejì ni èyí tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, èyí tí àwọn oníròyìn máa ń pè ní FOI. Ọdún 1999 ni àbádòfin rẹ̀ kọ́kọ́ dé ilé aṣòfin. Sáà àwọn aṣòfin ìgbà náà parí, kò tíì di òfin. Wọ́n tún gbé e wá ní sáà tó tẹ̀ lé e. Àwọn oníròyìn àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kò jẹ́ kó sinmi. Nínú Ilé Aṣojúṣòfin, Abíkẹ́ Dábírí, tó ti ṣiṣẹ́ ìròyìn ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NTA kí àwọn ará Ìkòròdú tó dìbò yàn án, wà lára àwọn tó dúró ti ọ̀rọ̀ náà gbágbágbá. Ilé méjèèjì gbà á wọlé, wọ́n gbé e fún Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lọ́dún 2007, Ààrẹ kọ̀, kò buwọ́ lù ú. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó fọwọ́ sí i, ọdún 12 lẹ́yìn tó kọ́kọ́ wọlé.

Ilé aṣòfin kan náà ni, ìwé òfin ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Èyí tó yára, ará ìlú kò ráyè sọ tẹnu wọn kó tó parí. Èyí tó pẹ́, ìfaradà ará ìlú ni kò jẹ́ kó kú sọ́nà. Èmi ò sọ pé kí gbogbo òfin gba ọdún 12 o, ìyẹn ti pọ̀ jù. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ọjọ́ tó wà láàárín kíkà kan sí òmíràn, tiwa ni. Bí a kò bá mọ̀ wọ́n, bí a kò bá lò wọ́n, a óò kàn máa gbọ́ pé òfin ti dé ni, ariwo wa á sì máa dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti parí.

Ẹ jẹ́ kí a wá tọ ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀.

Ilé méjì ló wà nínú ilé aṣòfin àpapọ̀ wa. Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà: mẹ́ta-mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ 36, ẹnì kan láti Àbújá. Aṣojú 360 ló wà nínú ilé kejì. Abala 58 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló la ọ̀nà náà sílẹ̀: ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ gba àbádòfin wọlé, kí wọ́n tó gbé e fún Ààrẹ. Ààrẹ lè gbé àbádòfin wá. Aṣòfin kan ṣoṣo lè gbé tirẹ̀ wá. Àwa ará ìlú náà lè kọ tiwa, kí a wá aṣòfin tí yóò bá wa gbé e wọlé.

Kíkà àkọ́kọ́ kì í gba àkókò. Akọ̀wé ilé á dìde, á ka àkọlé rẹ̀, ó tán. Kò sí àríyànjiyàn, kò sí ìdìbò lórí bóyá ó dára. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ nínú ìròyìn pé àbádòfin kan ti la kíkà àkọ́kọ́ kọjá, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, ẹ má sì tíì jó. Àmọ́ ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó gbé e wá. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kíkà kejì ni wọ́n tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ gan-an. Ẹni tó ni àbádòfin á dìde, á ṣàlàyé ìdí tó fi gbé e wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan á gbè é lẹ́yìn, àwọn kan á takò ó. Èròǹgbà òfin náà lápapọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbí, wọn kò tíì dé orí abala kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tó pọ̀ bá sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹ, ó parí síbẹ̀.

Mo rántí àbádòfin tí Sẹ́nétọ̀ Bíọ́dún Olújìmí, ọmọ Èkìtì, gbé wá. Ó fẹ́ kí òfin dáàbò bo obìnrin lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, iṣẹ́, ìgbéyàwó àti ogún, kí ẹ̀tọ́ takọtabo lè dọ́gba. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2016 ni kíkà kejì rẹ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ kan dìde, wọ́n ní ó tako ẹ̀sìn, wọ́n ní ó tako àṣà. Wọ́n dìbò, àbádòfin náà ṣubú. Nítorí pé ibẹ̀ ló ti ṣubú, kò dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ kankan. Kò sí opó kan tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ tó rí àyè dìde níwájú ìgbìmọ̀ kó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi." Èyí dùn mí, nítorí bí ẹ bá tiẹ̀ máa kọ ọ̀rọ̀ kan, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ta.

Àbádòfin tó bá la kíkà kejì kọjá ni wọ́n máa ń gbé fún ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún wa jù lọ. Ìgbìmọ̀ á kéde ọjọ́ àpérò ìta gbangba. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìwé ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè lọ síbẹ̀. Kò pọn dandan kí èèyàn jẹ́ lọ́yà tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ ìyálọ́jà lè lọ, ẹgbẹ́ awakọ̀ lè lọ, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ.

Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́? Ó máa ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Ilé Aṣòfin Àgbà ka àbádòfin kan lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n ní àwọn fi fẹ́ dẹ́kun irọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó kà á fínnífínní rí i pé ó máa fún ìjọba lágbára láti dínà mọ́ ojú òpó tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde, kí ilé ẹjọ́ tiẹ̀ tó dá sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n ṣe àpérò ìta gbangba lórí rẹ̀. Àwọn oníròyìn lọ, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ lọ, wọ́n mú ìwé lọ́wọ́, wọ́n tọ́ka sí abala tí wọn kò fẹ́ àti ìdí tí wọn kò fi fẹ́ ẹ. Àbádòfin náà kò padà wá fún kíkà kẹta. Nígbà tí sáà àwọn aṣòfin náà parí lọ́dún 2023, òun náà parí. Kì í ṣe ìjà ìgboro ló dá a dúró. Àwọn tó mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì lọ sọ ọ́, ló dá a dúró.

Lẹ́yìn àpérò, ìgbìmọ̀ á mú àbọ̀ wá fún gbogbo ilé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ abala wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀pá àṣẹ ilé tó wà lórí tábìlì, wọ́n á gbé e sí ìsàlẹ̀ tábìlì, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé ilé ti sọ ara rẹ̀ di ìgbìmọ̀. Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà á sọ̀ kalẹ̀ lórí àga gíga, á wá jókòó nídìí tábìlì bí alága. Á máa pe abala: abala kìíní, abala kejì, abala kẹta. "Ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ ọn?" Ohùn á gba gbọ̀ngàn kan. "Ẹ̀yin tí ẹ kò fara mọ́ ọn?" Ohùn mìíràn á dáhùn. Alága á sọ ohùn tó gbọ́ pé ó ròkè jù, òòlù á dún, ó di abala mìíràn. Bí kò bá sí ẹni tó dá wọn dúró, wọ́n lè parí ọ̀pọ̀lọpọ̀ abala lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ibẹ̀ ni òfin ti máa ń yí padà, nítorí gbólóhùn kan péré lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn sẹ́nétọ̀ ń yẹ àbádòfin ètò ìdìbò wò. Wọ́n dé abala 52, tó sọ̀rọ̀ lórí fífi èsì ìdìbò ránṣẹ́ láti ibùdó ìdìbò lórí ẹ̀rọ. Ìgbìmọ̀ ti kọ ọ́ pé INEC, àjọ elétò ìdìbò, lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Sẹ́nétọ̀ kan dìde pé kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, NCC, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó, ilé aṣòfin náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ ò rí i? Gbólóhùn kan yìí gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ àjọ elétò ìdìbò, ó gbé e fún àwọn olóṣèlú tí wọ́n fẹ́ díje nínú ìdìbò náà.

Wọ́n fi ohùn dìbò, òòlù dún pé àwọn tó fẹ́ àtúnṣe náà ló pọ̀ jù. Ni Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe bá dìde, ó ní rárá o, kí wọ́n pe orúkọ, kí kálukú sọ ibi tó wà. Òfin ilé fàyè gba èyí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dìde, ó ń sọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, sẹ́nétọ̀ 52 fara mọ́ gbólóhùn tuntun yẹn, 28 lòdì sí i, 28 kò sí níjòókòó.

Àwọn tó fẹ́ kí INEC ní àṣẹ náà fìdí rẹmi lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n pe orúkọ, kò sí ìpínlẹ̀ tí kò mọ ohun tí àwọn sẹ́nétọ̀ rẹ̀ ṣe. Orúkọ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn, ó jáde lórí rédíò, ó jáde lórí fóònù. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn sẹ́nétọ̀ wọn léèrè ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ilé tún abala náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì dá àṣẹ náà padà fún INEC. Oṣù mẹ́ta péré ni. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé aṣòfin tó fara pamọ́ sínú ariwo kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀ mọ̀ pé àwọn ará ilé ṣì ń bọ̀ wá bá òun.

Ẹ fi nǹkan mìíràn kún un. Òfin sọ pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta aṣòfin bá ti jókòó, ilé ti pé. Nínú sẹ́nétọ̀ 109, àwọn 37 ni. Bí àwọn 37 nìkan ló wà níbẹ̀, àwọn 19 lè pinnu ọ̀rọ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣojú yín ń ṣiṣẹ́, ẹ má béèrè ohun tó pín nígbà ọdún nìkan. Ẹ béèrè bóyá ó wà níjòókòó lọ́jọ́ ìdìbò, kí ẹ sì béèrè ibi tó dìbò sí.

Kíkà kẹta kì í sábà ní àríyànjiyàn. Nígbà náà ni ilé á gba àbádòfin wọlé pátápátá. Wọ́n á wá gbé e lọ sí ilé kejì. Bí ohun tí ilé méjèèjì gbà bá yàtọ̀ síra, wọ́n á yan àwọn èèyàn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan.

Àbádòfin owó orí fi hàn wá bí nǹkan ṣe lè yí padà láàárín ọ̀nà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinúbú gbé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà wá. Nínú ohun tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, VAT tí a ń san lórí ọjà, tó jẹ́ náírà méje àtààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún, yóò máa gòkè títí yóò fi di náírà 15 lọ́dún 2030. Àwọn gómìnà fajú ro, pàápàá àwọn ti òkè Ọya, lórí bí wọn yóò ṣe máa pín owó náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n jókòó, wọ́n fẹnu kò lórí ìlànà pípín, wọ́n sì ní kí VAT má gòkè. Nígbà tí Ààrẹ buwọ́ lu àwọn òfin náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, méje àtààbọ̀ yẹn ló ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí ìyá kan ìbá máa san lórí ọṣẹ àti ike lọ́jà yí padà láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, lórí ìwé, kó tó di òfin. Àwọn gómìnà mọ àkókò tí ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Àwa náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ilé méjèèjì ló kan Ààrẹ. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún un láti sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà. Bó bá kọ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan bá tún gbà á wọlé, ó di òfin láìsí ọwọ́ Ààrẹ níbẹ̀. Bí òfin tó dá àjọ ìdàgbàsókè NDDC sílẹ̀ fún àwọn ará Niger Delta ṣe jáde lọ́dún 2000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò rọrùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí Ààrẹ bá ti kọ̀, àtúnṣe ni àwọn aṣòfin máa ń ṣe tàbí kí wọ́n gbé e tì.

Bó bá jẹ́ ìwé òfin ilẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà á dé Ìbàdàn, á dé Abẹ́òkúta, á dé Òṣogbo, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì, Ìkẹjà àti Ìlọrin. Ọ̀nà yìí ni àwọn ọ̀dọ́ gbà lọ́dún 2017, tí wọ́n ń lọ láti ilé aṣòfin kan sí òmíràn, títí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi buwọ́ lu àtúnṣe náà ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 pé ẹni ọdún 25 lè díje fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí Ilé Aṣojúṣòfin, dípò 30, kí ẹni ọdún 35 sì lè díje fún ipò Ààrẹ, dípò 40.

Kí ni kí a wá ṣe báyìí? Mo ní nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ mọ orúkọ aṣojú yín àti sẹ́nétọ̀ yín, kí ẹ sì mọ ìgbìmọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Ìkejì, nínú ẹgbẹ́ tí ẹ bá wà, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí ẹgbẹ́ ìlú, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa ṣọ́ ìkéde àpérò ìta gbangba. Bí ẹ kò bá lè dé Àbújá, ẹ kọ ojú ìwé kan ránṣẹ́: abala tí ẹ kò fẹ́, ìdí tí ẹ kò fi fẹ́ ẹ, ohun tí ẹ fẹ́ dípò rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ lo òfin FOI. Ó kan ilé aṣòfin náà. Ẹ lè kọ̀wé pé ẹ fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ìjókòó ọjọ́ báyìí, tàbí àbọ̀ ìgbìmọ̀ báyìí. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá yín lóhùn. Bí wọ́n bá kọ̀ láìnídìí, ẹ lè lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì lè bu owó ìtanràn 500,000 náírà lé iléeṣẹ́ náà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ náà lè lọ fẹnu béèrè. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fún láṣẹ níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún un ní ẹ̀dà. Ó wà nínú òfin bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, a máa ń tò sórí ìlà lọ́jọ́ ìdìbò, oòrùn á pa wá, a óò tẹ̀ka, a óò relé. Iṣẹ́ kò parí níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni àwọn tí a dìbò fún fi ń jókòó tí wọ́n ń pe abala, tí òòlù ń dún. Òfin tí a dá sí àti èyí tí a kò dá sí, gbogbo rẹ̀ la óò pa mọ́, àwa àti àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí a máa dá sí i nígbà tó ṣì jẹ́ àbá.